Púlì ló máa yọ yín lẹ́nu, kì í ṣe kọ̀ǹpútà

Bọ̀dá mi, ẹ ní bọ́gì yín tẹ́ ẹ kọ́ sórí ṣáásì Ìjàpá (Volkswagen Beetle) ti sú yín, kọ́ńtáàtì tó ń já iná kí plọ́ọ̀gì lè ta kì í pẹ́ jó, táímìnì, ìyẹn àsìkò tí iná ń tan nínú sílíńdà, ń yí fúnra ẹ̀, wọ́n wá ní kẹ́ ẹ lọ ra ignition tí wọ́n ń fi láptọ́ọ̀pù sètò, ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá ó tó owó tí wọ́n ń pè é, àti pé ṣé rewire (oníṣẹ́ iná mọ́tò) Abẹ́òkúta níbí lè dè é. Èmi ti de tèmi, ẹ́ńjìnnì 1600 kan náà, kábúrétọ̀ kan, ó sì ti ń gbé mi lọ gbé mi bọ̀ látìgbà náà, torí náà ohun tójú mi rí ni màá sọ. Ó tó owó ẹ̀, rewire sì lè dè é tẹ́ ẹ bá dúró tì í. Àmọ́ púlì, wíìlì tó ń yí lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì, ni kẹ́ ẹ máa bẹ̀rù, kì í ṣe kọ̀ǹpútà.

Ẹ kọ́kọ́ bi ara yín ná, ṣé kọ́ńtáàtì nìkan lẹ fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀? Tó bá jẹ́ òun nìkan ni, nǹkan kékeré kan wà tí wọ́n ń kì bọ inú dísíbútọ̀, ohun tó ń pín iná fún plọ́ọ̀gì, níbi tí kọ́ńtáàtì àti kọ̀ńdẹ́ńsà wà tẹ́lẹ̀, wáyà méjì ló ní, kò gba àsìkò, owó ẹ̀ ò sì tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tẹ́ ẹ fẹ́ rà yìí. Mi ò ní parọ́ fún yín, ọ̀pọ̀ ẹni tó ń bi mí, ìyẹn ló yẹ kí wọ́n ṣe, kí wọ́n wá fi owó tó kù tún kábúrétọ̀ ṣe. Tí kábúrétọ̀ bá ń fa atẹ́gùn níbi tí kò yẹ, tí wọn ò sì tíì ṣe fáàfù dáadáa, kò sí kọ̀ǹpútà tó lè gbà yín.

Ohun tí ti kọ̀ǹpútà fi yàtọ̀ ni pé ó mọ ẹrù, ìyẹn bí iṣẹ́ ṣe wúwo tó lọ́rùn ẹ́ńjìnnì. Dísíbútọ̀ 009 tó wà lára ọ̀pọ̀ Ìjàpá tí wọ́n ti tún ṣe, eré ẹ́ńjìnnì nìkan ló mọ̀, kò mọ̀ bóyá ẹ ń gun òkè àbí ẹ ń rọra lọ lórí títì tó tẹ́jú. Ẹ̀yin náà ṣáà mọ ìlú wa, orí àpáta la wà, ká gòkè ká sọ̀ ni lójoojúmọ́. Tẹ́ ẹ bá ń gun òkè tẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, atẹ́gùn àti epo kún sílíńdà bámúbámú, ó ń yára jó, iná ò gbọ́dọ̀ tètè tan jù, tó bá tètè tan ẹ máa gbọ́ ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ nínú ẹ́ńjìnnì, ooru á sì gòkè, bẹ́ẹ̀ atẹ́gùn ló ń tu ẹ́ńjìnnì yìí, kò ní rédíétọ̀. Tẹ́ ẹ bá wá dé ọ̀nà Ṣàgámù tẹ́ ẹ kàn fẹsẹ̀ lé e díẹ̀, epo ò pọ̀ nínú sílíńdà, ó ń lọ́ra jó, ibẹ̀ ni iná ti yẹ kó tètè tan. Dísíbútọ̀ 009 ò lè ya méjèèjì sọ́tọ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ epo ní 2023, èmi ò lè máa da epo nù lórí ìyẹn.

Kọ̀ǹpútà kékeré MegaJolt Lite Jr ti Autosport Labs ni mo rà, pẹ̀lú EDIS-4, àpótí Ford tó ń pàṣẹ iná fún kọ́ìlì; kọ́ìlì páàkì (kọ́ìlì tó ń fún plọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin níná) àti sensor sì jẹ́ tọ́kúnbọ̀ Ford láti Ládípọ̀. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ò le rárá. Wíìlì onírin kan máa wà lára púlì, eyín 36 ló yẹ kó ní, wọ́n yọ ọ̀kan, ó ku 35. Sensor ń ka eyín bí wọ́n ṣe ń kọjá, ibi tí eyín ò sí yẹn ló fi ń mọ ibi tí ẹ́ńjìnnì dé. EDIS á sọ fún MegaJolt, MegaJolt á wo eré ẹ́ńjìnnì, á wo bí atẹ́gùn inú mánífóòdù, ọ̀nà tí atẹ́gùn ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì, ṣe le tó, á lọ wo tábìlì nọ́ńbà 10 sí 10 tẹ́ ẹ ti kọ sínú ẹ̀, á wá dá EDIS lóhùn pé digírí báyìí ṣáájú kí písítìnì tó dé òkè ni kó taná sí.

Kọ́ìlì páàkì yẹn, plọ́ọ̀gì méjì ló ń taná sí lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan á ṣiṣẹ́, èkejì á ṣòfò, kò ṣe nǹkan kan. Ibi tí rewire ti máa ń ṣì í rèé. Lára Ford, 1 àti 4 ló jọ wà pọ̀, 2 àti 3 jọ wà pọ̀. Ìjàpá ò rí bẹ́ẹ̀, 1-4-3-2 ni iná ẹ̀ ń tẹ̀lé ara wọn, torí náà 1 àti 3 ló jọ wà pọ̀, 4 àti 2 jọ wà pọ̀. Tó bá fi ti Ford dè é, á máa yìnbọn gba ẹnu kábúrétọ̀ jáde, gbogbo àdúgbò á sì mọ̀.

Ó yá, púlì. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ló wà, bọ́ọ̀tì sípánà 30 kan ṣoṣo ló dè é mọ́ kíránkì, òun náà ni fánbẹ́líìtì ń yí lórí ẹ̀, torí náà wíìlì eyín yẹn gbọ́dọ̀ wọlé láìdí bẹ́líìtì lọ́wọ́, kó má sì ha irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó bo ẹ́ńjìnnì. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi alumíníọ̀mù gé e, sensor yìí ò ní rí i, irin gidi ni. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi fáìlì gé eyín lọ́wọ́. Táànà (ẹni tó ń fi máṣìn gbẹ́ irin) tó ṣe tèmi, iṣẹ́ ẹ̀ mọ́ lójú, eyín ń dán, àṣé ihò àárín ò sí láàárín. Tẹ́ ẹ bá fojú lásán wò ó ẹ ò lè mọ̀. Mọ́tò ń jó dáadáa nílẹ̀, ó ń jó dáadáa láàárín Ìbarà sí Láfẹ́nwá, àmọ́ tí mo bá ti tẹ̀ ẹ́ kọjá yíyí 4000 ní ìṣẹ́jú kan lọ́nà Ṣàgámù ṣe ló máa ń gé, á gbà, á tún gé, bí ẹni tí òsúkè ń ṣe. Wọ́n ní kọ́ìlì ni, mo pààrọ̀ kọ́ìlì, kò gbọ́. Rewire ní EDIS ti kú, kí n fowó sílẹ̀ kó bá mi wá òmíràn, mo ní kó fún mi láyè ná.

Mo wá jókòó tì í. Mo fi téèpù lẹ abẹ́rẹ́ ìránṣọ kan mọ́ irin tó di sensor mú, mo jẹ́ kí ṣóńṣó ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan orí eyín, mo yọ plọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí ẹ́ńjìnnì lè fúyẹ́ lọ́wọ́, mo wá ń fi sípánà yí púlì díẹ̀díẹ̀. Lápá kan abẹ́rẹ́ ń ha orí eyín, ó ń dún kírí kírí, tí mo bá yí i dé òdìkejì mo lè ki èékánná bọ àárín wọn. Bẹ́ẹ̀ àlàfo tí sensor yẹn ń fẹ́ ò ju mílímítà kan lọ, láti 0.75 sí 1 ni. Tí wíìlì bá ń sún mọ́ ọn tó tún ń sá fún un nínú yíyí kan ṣoṣo, báwo ló ṣe fẹ́ kà á tí eré bá ti pọ̀? Mo gbé e lọ bá táànà míì, bàbá àgbà kan ni, wọn ò tiẹ̀ wo ihò yẹn lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n gbé púlì fúnra ẹ̀ sórí máṣìn, wọ́n gbẹ́ ibi tí wíìlì máa jókòó sí lára ẹ̀, wọ́n fẹ ihò wíìlì kó lè bá ibẹ̀ mu wẹ́kú, ìyẹn ni pé púlì ló di wíìlì mú láàárín, bọ́ọ̀tì kàn ń há a ni. Gígé yẹn dáwọ́ dúró. EDIS tí wọ́n ní ó ti kú ló ṣì ń gbé mi rìn títí di báyìí.

Irin tó di sensor mú, ẹ jẹ́ kó nípọn, ara ẹ́ńjìnnì gan-an ni kẹ́ ẹ dè é mọ́, kì í ṣe irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń gbọ̀n yẹn. Tí písítìnì sílíńdà 1 bá ti dé òkè pátápátá, ẹ ka eyín láti ibi tí eyín ò sí, eyín kẹsàn-án tó tẹ̀lé e ló gbọ́dọ̀ kọjú sí sensor. Digírí 10 ni eyín kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ni pé àlàfo yẹn ti kọjá ní digírí 90 ṣáájú. Kẹ́ ẹ tó kà á, ẹ rántí pé ẹ́ńjìnnì yìí ń yí bí ọwọ́ aago tẹ́ ẹ bá kọjú sí púlì.

Ti wáyà ò pọ̀ àmọ́ ó le fún ẹni tó bá ní ara fáíbà. Irú mọ́tò yìí, látìgbà tí Bruce Meyers ti fi fáíbà àti ẹ́ńjìnnì Ìjàpá kọ́ àkọ́kọ́ ẹ̀ ní California ní 1964, bó ṣe rí náà nìyẹn, fáíbà ò gbé iná. Rewire tó ti mọ́ lára láti máa fi bọ́ọ̀tì de áàtì, wáyà tó ń dá iná padà sí bátìrì, mọ́ ibi tó bá ti rí lára bọ́dì, ẹ dúró lé e lórí. Ẹ fa wáyà áàtì tó nípọn láti EDIS àti MegaJolt lọ sára ẹ́ńjìnnì, kẹ́ ẹ sì fa òmíràn láti ẹ́ńjìnnì lọ sẹ́nu bátìrì. Wáyà sensor, èyí tí wọ́n fi irin híhun bò ni kẹ́ ẹ lò, ẹ jẹ́ kó jìnnà sí wáyà plọ́ọ̀gì, ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ sì ti fi irin híhun yẹn sí áàtì. Plọ́ọ̀gì gbọ́dọ̀ ní R nínú orúkọ ẹ̀, BR6HS ti NGK ni mo ń lò, B6HS lásán máa ń da kọ̀ǹpútà láàmú. Ayédèrú ẹ̀ sì pọ̀ lọ́jà o. Tí wẹ́dà bá sì fẹ́ jó ohunkóhun lára ọkọ̀ náà, ẹ yọ bátìrì, ẹ yọ MegaJolt kúrò pátápátá.

Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ kọ́kọ́ kíìkì ẹ̀, ẹ fi MegaJolt sílẹ̀ ná, ẹ má so ó. EDIS nìkan á taná sí digírí 10, ibẹ̀ ló máa ń dúró sí tí kò bá gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni. Ẹ fi iná táímìnì yẹ̀ ẹ́ wò lára púlì. Tí kò bá rí 10, sensor ni kẹ́ ẹ sún, ẹ má lọ fi láptọ́ọ̀pù tún un ṣe. Tí kò bá tiẹ̀ taná rárá tàbí tó ń fò káàkiri, ẹ yí wáyà méjèèjì sensor padà, ó lè jẹ́ pé wọ́n dè wọ́n sódì. Ìgbà tí 10 bá dúró gbọn-in lẹ tó máa so MegaJolt.

Tábìlì yẹn ń dẹ́rù bani tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ rí i, àmọ́ nọ́ńbà díẹ̀ ló ṣe pàtàkì níbẹ̀. Tó bá ń jó nílẹ̀ láìtẹ̀ ẹ́, digírí 8 sí 10. Tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ pátápátá, ìyẹn ibi tí kPa (bí atẹ́gùn inú mánífóòdù ṣe le tó) ti súnmọ́ 100, ẹ jẹ́ kó rọra gòkè dé digírí 28 ní yíyí 3500, ẹ má jẹ́ kó kọjá 30 láéláé. Níbi tí kò ti sí ẹrù, èmi dúró sí 34. Kì í ṣe pé kò lè gbà jù bẹ́ẹ̀, mo mọ epo tí à ń rà ni. Ẹ rántí sílíńdà 3 náà, òun ló máa ń gbóná jù, àwọn dísíbútọ̀ Ìjàpá kan wà tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fa iná tirẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀ láti iléeṣẹ́. Kọ́ìlì páàkì ò lè ṣe ìyẹn, torí náà gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ máa ṣàánú pọ̀. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ lórí òkè, ẹ yọ digírí 2 kúrò níbẹ̀ kẹ́ ẹ tó ṣe ohunkóhun míì. Kí ẹnì kan máa wakọ̀, kí ẹnì kan máa wo láptọ́ọ̀pù, kí bátìrì láptọ́ọ̀pù náà sì jẹ́ èyí tó ń dúró, torí wọn ò fi NEPA sínú bọ́gì.

Dísíbútọ̀ àtijọ́ ńkọ́? Ẹ fi sílẹ̀ níbi tó wà. Tẹ́ ẹ bá yọ ọ́ ẹ gbọ́dọ̀ dí ihò ẹ̀ kí ọ́ìlì má bàa máa tú jáde, irin tó ń yí i nísàlẹ̀ yẹn sì ni pọ́ǹpù epo ń gbára lé, ẹ má yọ ìyẹn ní tiẹ̀ rárá. Tèmi ṣì wà níbẹ̀ pẹ̀lú kọ́ìlì ẹ̀, kọ́ńtáàtì tuntun wà nínú ẹ̀, tí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀ ní Ṣíún lálẹ́ mo kàn máa kó wáyà plọ́ọ̀gì padà sórí ẹ̀ ni, màá sì délé. Tí táànà yín bá ti gbé púlì yẹn fún yín, ẹ fi abẹ́rẹ́ wò ó kẹ́ ẹ tó sanwó tó kù fún un.