Ó ń dún lórí dẹ̀kódà, ó yadi tí a bá fi fíìmù sí i

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Ẹnjiníà. Ọbáńtokò ni mò ń gbé, l'Ábẹ̀òkúta níbí. Mo ra rísífà tòkunbọ̀ onísipíkà márùn-ún, ẹ̀rọ tó ń pín ohùn fún àwọn sipíkà náà, mo sì fi wáyà optical so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Tí a bá ń wo ìròyìn lórí dẹ̀kódà, ó ń dún dáadáa. Ṣùgbọ́n tí àwọn ọmọ bá fi fíìmù orí íntánẹ́ẹ̀tì sí i, kò ní dún rárá. Nígbà mìíràn á kàn máa ṣe “ta, ta, ta”. Ẹni tó ń bá wa tún un ṣe ní bọ́ọ̀dù inú rẹ̀ ló jóná, àfi ká pààrọ̀ rẹ̀. Ṣé kí n fún un lówó ni? — Bàbá Ìbejì

ÌDÁHÙN: Bàbá Ìbejì, ẹ jẹ́ kí owó yín ṣì wà lápò ná. Ohùn dẹ̀kódà inú tẹlifíṣọ̀n ló ń gbà, ó sì ń gba inú wáyà optical kan náà wọ rísífà. Bọ́ọ̀dù tó bá jóná kì í ṣa èyí tó máa sọ àti èyí tó máa gbé mì.

Ohun tí mo fura sí nìyí. Láti 1983 ni Toshiba ti gbé wáyà optical jáde, ìmọ́lẹ̀ ló sì fi ń gbé ohùn. Ó lè gbé PCM olóhùn méjì, ìyẹn ohùn tí wọn kò fún pọ̀; ó lè gbé Dolby Digital àti DTS, ọ̀nà méjì tí wọ́n ń gbà fún ohùn pọ̀, tó ń lo gbogbo sipíkà yín. Ṣùgbọ́n Dolby Digital Plus, ẹ̀dà tuntun Dolby Digital, ni púpọ̀ nínú fíìmù orí íntánẹ́ẹ̀tì ń lò báyìí, ìyẹn kò sì lè gba inú optical. Tẹlifíṣọ̀n ló yẹ kó yí i padà kó tó tì í jáde. Tí kò bá yí i, rísífà á dákẹ́, tàbí kó máa ṣe ta-ta-ta yẹn.

Ẹ mú rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n. Ẹ wọ Settings, ẹ wọ Sound, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Digital Audio Output sí, tàbí orúkọ tó jọ ọ́. Ẹ máa bá PCM, Auto, Dolby Digital, bóyá Pass-through (kó ti ohùn jáde láìyí i padà) pẹ̀lú. Ẹ yan PCM, kí ẹ wá fi fíìmù tó yadi yẹn gan-an sí i. Tó bá fọhùn, ẹjọ́ bọ́ọ̀dù ti tú ká nìyẹn.

Ẹ má fi í sílẹ̀ síbẹ̀ ṣá, torí ohùn méjì péré ni PCM ń kó gba optical. Ẹ padà lọ yan Dolby Digital, kì í ṣe Pass-through, kí ẹ sì máa wo ojú rísífà: tó bá kọ Dolby Digital síbẹ̀, àwọn sipíkà ẹ̀yìn ti jí. Tí kò bá gbà, ẹ padà sí PCM, kí ẹ tẹ Surround lórí rìmóòtù rísífà. Òun fúnra rẹ̀ á pín ohùn náà kiri.

Fíìmù orí fláàṣì tún ní tirẹ̀. Tó bá jẹ́ pé sipíkà tẹlifíṣọ̀n gan-an kò dún sí i, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ DTS ni, àwọn tẹlifíṣọ̀n kan kò sì ń ka DTS. Ọ̀rọ̀ yẹn kò kan rísífà rárá.

Tí dẹ̀kódà náà bá wá dákẹ́ lọ́jọ́ kan, wáyà ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ẹ yọ ọ́ lẹ́yìn rísífà, ẹ kọ ẹnu rẹ̀ sí bébà funfun: tí tẹlifíṣọ̀n bá wà ní títàn, ẹ máa rí ìmọ́lẹ̀ pupa tó tó ẹyọ ọkà bàbà. Tó bá pupa, ẹ tì í padà títí yóò fi dún “kẹ́”. Tí ẹ bá ra tuntun, ẹ yọ fìlà rọ́bà kékeré tó wà lẹ́nu rẹ̀ méjèèjì; ojú ń ríran gbà á kọjá, ìdí nìyẹn tí àwọn èèyàn fi ń kì í bọhò tòun ti fìlà. Ẹ má ká a kó ṣẹ́. Ẹ sì wo Input Assign nínú rísífà, torí ihò tí ẹ ki wáyà bọ̀ lè jẹ́ ti CD, kó jẹ́ TV lẹ̀yin yàn.

Tí rísífà yín bá ní ihò HDMI (ti wáyà tó ń gbé àwòrán àti ohùn pọ̀) tí wọ́n kọ ARC sí, ìyẹn èyí tó ń jẹ́ kí ohùn tẹlifíṣọ̀n gba ibẹ̀ padà wọ rísífà, tí tẹlifíṣọ̀n náà sì ní i, èmi ò ní bá optical jìjàkadì. ARC, tó bá HDMI 1.4 dé ní 2009, lè gbé Dolby Digital Plus, bí rísífà bá ti mọ̀ ọ́n kà. Ihò ARC sí ihò ARC ni o. Kí ẹ sì tan CEC, tó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ méjèèjì máa bá ara wọn sọ̀rọ̀: Anynet+ ni Samsung ń pè é, SimpLink ni ti LG. Àbùkù rẹ̀ kan ni pé tí wọ́n bá mú iná lọ tí wọ́n dá a padà, àwọn méjèèjì lè má dá ara wọn mọ̀ mọ́. Ẹ yọ àwọn méjèèjì kúrò lára iná fún ìṣẹ́jú mélòó kan, ọ̀rọ̀ á yanjú.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ lọ ra tòkunbọ̀ ní Panṣẹ́kẹ́, ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Èyí tó bá kọ 120V nìkan, ti Amẹ́ríkà ni. Láìsí tiransifọ́mà tó ń dín iná kù, iná wa yóò sun ún.

Bàbá Ìbejì, tí PCM náà kò bá fọhùn, tí ẹ ti yẹ wáyà àti Input Assign wò, ẹ gbé e padà fún ọ̀gá yẹn, tòun ti wáyà. Kó so ó mọ́ ẹ̀rọ DVD tirẹ̀ lójú yín kó tó tú skúrù kankan.