Ta ló jà kí wọ́n má máa kó ọmọdé lọ sẹ́wọ̀n l'Ékòó?

Orúkọ tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀ ni Donald Faulkner, òyìnbó tó bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé l'Ékòó láyé àwọn ọdún 1940. Ó wádìí àwọn ọmọkùnrin tó ń sun ìta ní Erékùṣù Èkó, àwọn tó ń tẹ̀ lé àwọn awakọ̀ òkun kiri torí kọ́bọ̀. Ó ní ìrànlọ́wọ́ ni wọ́n nílò, kì í ṣe ẹ̀wọ̀n. Òfin ọmọdé ọdún 1943 ló ṣí kóòtù àwọn ọmọdé sílẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ gbogbo rẹ̀ o: wọ́n tún fi òfin dá àwọn ọmọbìnrin kéékèèké lẹ́kun ọjà kíkiri, ó sì dun àwọn ìyálọ́jà gan-an.

Lónìí, òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ọdún 2007 ti Ìpínlẹ̀ Èkó ló wà. Ọmọdé ni ẹni tí kò tíì pé ọdún 18. Kóòtù ẹbí ló ń gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀, kò sì yẹ kí wọ́n dájọ́ ẹ̀wọ̀n fún un. Ilé ìtọ́sọ́nà, níbi tí wọ́n ti ń tún ìwà ọmọ ṣe dípò ẹ̀wọ̀n, wà ní Orégùn fún ọkùnrin, Ìdí-Àràbà fún obìnrin.

Bí wọ́n bá mú ọmọ yín, ẹ gbé ìwé ọjọ́ ìbí rẹ̀ dání lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, kí wọ́n lè rí i pé kò tíì pé ọdún 18. Mo ti rí ọmọ ọdún 15 kan tí wọ́n kọ ọdún 19 sí lórí ìwé.