Kí ni òkùnkùn fi jẹ mọ́ ìwà ibi nínú Bíbélì?

Ẹnì kan béèrè pé kí ló dé tí Bíbélì fi ń pe ìwà burúkú ní iṣẹ́ òkùnkùn, bóyá òru gan-an ni Ọlọ́run kò fẹ́, tàbí ohunkóhun tó bá ti dúdú. Ìbéèrè náà dára, nítorí pé "agbára òkùnkùn" àti "ẹgbẹ́ òkùnkùn" ti mọ́ wa lẹ́nu débi pé a kì í ronú sí i mọ́. Èrò tèmi ni pé òkùnkùn fúnra rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ nínú Bíbélì. Aṣọ tí ìwà ibi máa ń dà bora ni.

Ilẹ̀ tí wọ́n ti kọ ìwé náà ló yẹ kí á kọ́kọ́ wò. Ní Ísírẹ́lì àtijọ́, bí oòrùn bá ti wọ̀, àtùpà amọ̀ kékeré ni ilé gbára lé: àwo pẹlẹbẹ tí wọ́n fún ní etí kan kí òwú lè jókòó síbẹ̀, tí wọ́n da òróró ólífì sí nínú. Ẹni tó bá ti rí fìtílà elépo rí nílẹ̀ Yorùbá ti mọ̀ ọ́n tán. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ kọjá ibi tí ẹsẹ̀ máa tẹ̀ tẹ̀ lé e, ẹsẹ̀ náà sì ni onísáàmù dárúkọ nígbà tó ní ọ̀rọ̀ Ọlọ́run jẹ́ fìtílà fún òun. Wọ́n a ti ẹnubodè ìlú bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, gẹ́gẹ́ bí a ti kà nípa Jẹ́ríkò nínú ìtàn Ráhábù. Ẹni tó bá ń rìn kiri lẹ́yìn ìyẹn, ta ni yóò dá a mọ̀?

Òfin Mósè pàápàá mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín òru àti ọ̀sán. Ní Ẹ́kísódù orí 22, bí wọ́n bá ká olè mọ́ ibi tó ti ń dá ilé lu, tí wọ́n sì lù ú pa, onílé kò jẹ̀bi ẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ti là sórí olè náà, onílé jẹ̀bi. Olè kan náà ni, ògiri kan náà ni. Bí ó ti yé mi sí, lójúmọmọ onílé rí ojú ẹni tó wọlé tọ̀ ọ́, ó sì lè ké sí aládùúgbò, nígbà tó jẹ́ pé lóru kò mọ̀ bóyá olè ni tàbí apànìyàn. Jóòbù orí 24 kó àwọn tó ń lo òru bẹ́ẹ̀ jọ: apànìyàn, olè, àti alágbèrè tó ń dúró de ìrọ̀lẹ́, tó fi nǹkan bojú, tó sì ń sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé ojú kankan kò ní rí òun. Jóòbù ní òwúrọ̀ dà bí òjìji ikú fún wọn, nítorí pé ìgbà yẹn ni àṣírí lè tú.

Láti inú èyí ni "agbára òkùnkùn" ti wá nínú Lúùkù 22:53, ibi tí ọ̀pọ̀ wa kì í kà dáadáa. A máa ń rò pé àjẹ́ àti oṣó ni Jésù ń bá wí. Àwọn olórí àlùfáà, àwọn olórí ẹ̀ṣọ́ tẹ́ḿpìlì àti àwọn àgbààgbà tó wá mú un ló dúró síwájú rẹ̀. Ó rán wọn létí pé ojoojúmọ́ ni òun wà pẹ̀lú wọn nínú tẹ́ḿpìlì, wọn kò sì nawọ́ mú òun, nítorí pé wọ́n bẹ̀rù àwọn ènìyàn. Ní òru ni wọ́n wá, Jòhánù sì fi kún un pé wọ́n gbé fìtílà àti ògùṣọ̀ dání. Àwọn ẹni ọ̀wọ̀ ìlú nìyẹn, tí wọ́n ń ṣe ohun tí wọn kò lè ṣe lọ́sàn-án. Nígbà tí Júdásì gba òkèlè tó sì jáde kúrò nídìí oúnjẹ láti lọ pè wọ́n wá, gbólóhùn kúkúrú kan ni Jòhánù fi tẹ̀ lé e: òru sì ni.

Àwọn àgbà wa ní, "Òkùnkùn ò mọ ẹni ọ̀wọ̀, ló dífá fún 'Ìwọ ta nìyẹn?'" Bàbá tí ọmọdé ìbá dọ̀bálẹ̀ kí lójúmọmọ, "ìwọ" ni yóò fi pè é lókùnkùn. Òwe náà kò pe òkùnkùn ní ìkà. Àìmọ̀ ló ń sọ. Bíbélì ní ìhà yìí pẹ̀lú: 1 Jòhánù 2:11 sọ pé ẹni tó kórìíra arákùnrin rẹ̀ ń rìn nínú òkùnkùn, kò sì mọ ibi tó ń lọ.

Ti pé Ọlọ́run kò fẹ́ òru, kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ọlọ́run ló sọ òkùnkùn ní Òru nínú Jẹ́nẹ́sísì, òun náà ló sì sọ nínú Aísáyà 45:7 pé òun dá òkùnkùn. Ní Sínáì, inú òkùnkùn biribiri tí èdè Hébérù ń pè ní "arafel" ni Mósè wọ̀ lọ bá a, Sólómọ́nì sì lo ọ̀rọ̀ kan náà nígbà tó ń ya tẹ́ḿpìlì sí mímọ́. Àwa tí a ń ṣe ìṣọ́ òru, tí a ń fi gbogbo òru bá agbára òkùnkùn wí, ó yẹ kí á ti fura.

Ní ti dúdú, ọ̀rọ̀ míì ni. "Ḥoshek" ni Hébérù ń pe òkùnkùn. "Shaḥor" ni ó ń pe nǹkan dúdú, bí a ti ya òkùnkùn sọ́tọ̀ kúrò lára dúdú nínú èdè tiwa. Ọ̀rọ̀ kejì yìí ni obìnrin inú Orin Sólómọ́nì lò nígbà tó ní òun dúdú òun sì lẹ́wà, tó fi ara rẹ̀ wé àgọ́ dúdú àwọn ará Kédárì, ẹ̀yà kan ní aṣálẹ̀. Ó sì sọ ohun tó mú òun dúdú: oòrùn ni, níbi tó ti ń ṣọ́ ọgbà àjàrà.