Multimeter fún ọmọ 45 ní Iléṣà: ẹ ro ti fíúsì kí ẹ tó ro ti mítà

Ẹ kú iṣẹ́ o, tíṣà wa. Ẹ ní ọmọ 45 ló wà ní SS2 yín ní Iléṣà, pé púpọ̀ nínú àwọn òbí ò rówó práktíkà san, ẹ sì ń béèrè ibi tí ẹ ti lè ra multimeter (mítà tó ń wọn iná) tí kò wọ́n fún òfin Ohm, èyí tó so fóltéèjì (agbára tó ń ti iná) mọ́ current (iná tó ń ṣàn). Èyí tó kéré jù lórí káńtà tó yín. Kó tó pé tẹ́ẹ̀mù kan ni fíúsì rẹ̀ máa da ọkàn yín rú, ibẹ̀ ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Ihò mẹ́ta ló wà lára mítà yẹn: COM, VΩmA àti 10A. Fíúsì kékeré, 200mA lọ́pọ̀ ìgbà, ló ń ṣọ́ current tó bá gba VΩmA. Ihò 10A kì í sábà ní fíúsì rárá. Ọmọ á wọn current tán lórí 200m (ojú bọ́tìnnì tó ń wọn current dé 200mA), kò ní yí bọ́tìnnì kúrò níbẹ̀, á wá fi ẹnu wáyà méjèèjì kan orí àti ìdí bátìrì, á ní òun ń wọn fóltéèjì. Mítà tó wà lórí current kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ dí iná lọ́wọ́, nítorí náà iná bátìrì á ya lu inú rẹ̀, fíúsì á já. Ẹ ò ní gbọ́ ariwo, ẹ ò ní gbóòórùn. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé mítà á ṣì máa ka fóltéèjì dáadáa, àmọ́ òdo ni yóò máa kà fún current. Àwọn ọmọ á wá fi gbogbo pírìọ́ọ̀dù wá ibi tí wáyà ti já, wọn ò ní rí i, wọ́n á gbà pé fíísíìsì ló le.

Bí ẹ bá ti rí òdo yẹn, ẹ tú ìdè tó wà lẹ́yìn mítà, ẹ yọ fíúsì onígíláàsì inú rẹ̀, ẹ fi mítà mìíràn dán an wò. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi bébà fàdákà inú páálí sìgá wé e o! Bí wọ́n bá wé e, nígbà tí àṣìṣe yẹn bá tún wáyé, inú mítà fúnra rẹ̀ ló máa jó, kò sì sí àtúnṣe.

Ọ̀nà tí kì í jẹ́ kó ṣẹlẹ̀ nìyí. Ẹ pín wọn sí ẹgbẹ́ 9, ọmọ márùn-ún sí ẹgbẹ́ kan. Mítà 12 tó. Ẹ fi sẹ́lótéèpù lẹ bọ́tìnnì mítà 9 mọ́ 200m, kí ẹ sì fi lẹ́ẹ̀dì jó rẹsísítọ̀ 100Ω (ohun kékeré tó ń dí iná lọ́nà) mọ́ ẹnu wáyà pupa wọn. Ìlà búráùn, dúdú, búráùn ni ẹ máa rí lára rẹsísítọ̀ náà. Ibi yòówù kí ọmọ fi kàn lára bátìrì lẹ́yìn ìyẹn, iná gbọ́dọ̀ gba inú rẹsísítọ̀. Ẹ lẹ mẹ́ta tó kù mọ́ 20V, kí àwọn ẹgbẹ́ máa gbà wọ́n lò lọ́kọ̀ọ̀kan. Bátìrì ńlá 1.5V mẹ́rin fún ẹgbẹ́ kan, 36 lápapọ̀. Bátìrì kan á fún yín ní nǹkan bí 15mA, méjì 30, mẹ́ta 45, mẹ́rin 60, gíráàfù á sì lọ tààrà. Ẹ má lo 10Ω: bátìrì méjì pẹ̀lú rẹ̀, 300mA nìyẹn, ó ti ju agbára fíúsì 200mA lọ. Ìgbà tí iná ń ṣàn ni kí wọ́n wọn fóltéèjì, torí bátìrì tó ti ń kú máa ń purọ́ nígbà tí iṣẹ́ ò sí lọ́rùn rẹ̀.   Ti wáyà àti swíìsì, ẹ mọ ìyẹn.

Ìnsípẹ́kítọ̀ á dé, á ní kí ẹ tò wọ́n sínú kọ́bọ́ọ̀dù kí òun lè kà wọ́n. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń bí mi nínú. Bátìrì 9V tó jókòó sínú mítà títí á somi, omi náà á sì jẹ irin tó gbé e. Ẹ yọ ọ́ tí ẹ bá ti lò ó tán. Àwọn ọ̀gá onísẹ́mínà náà á ní kí ọmọ lọ wo práktíkà lórí fóònù. Fóònù ta? Dátà ta?

Ẹ má sì ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú bátìrì wá láti ilé. Èyí tí ò ní, ilé ló máa jókòó sí lọ́jọ́ náà. Ẹ jẹ́ kí PTA rà á fún kíláàsì, kí ẹnikẹ́ni má mọ ẹni tó san àti ẹni tí ò san.

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fi bátìrì inú láptọ́ọ̀pù àtijọ́ ta yín lọ́rẹ, ẹ kọ̀ ọ́. Bí wáyà méjèèjì bá kan ara wọn, ó lè gbiná lọ́wọ́ ọmọ.

Ti ibi tí ẹ ó ti ra mítà àti fíúsì: ẹ lọ bá àwọn tó ń tún rédíò ṣe ní Ọjà Àtàkúnmọ̀sà, tàbí ní Lágere n'Ífẹ̀. Ẹ mú fíúsì tó ti já dání, ẹ ka iye tí wọ́n kọ sí etí irin rẹ̀, torí 500mA ni àwọn mítà kan ń lò. Fíúsì ogún ni kí ẹ kọ́kọ́ rà.