Ìdí Tí Load Sáfà Fi Lè Má Sọ̀ Kalẹ̀ Lẹ́yìn Tí A Bá Pa Process

Ẹ ṣeun tí ẹ ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Ohun tí ẹ sọ ni pé sáfà Linux yín ní core 8 (ẹ̀ka CPU mẹ́jọ), load rẹ̀, ìyẹn iye iṣẹ́ tó wà lọ́rùn rẹ̀, gòkè dé 40, ẹ ṣí top tó ń to àwọn process (ètò tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́) síta, ẹ fi kill -9, àṣẹ tó ń fipá pa process, pa àwọn process PHP tó wà lókè, àmọ́ load kò sọ̀ kalẹ̀. Ṣe ló tún gòkè sí i láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ wá béèrè bóyá pípa process tiẹ̀ máa ń dín load kù rárá. Ó máa ń dín in kù, ṣùgbọ́n kìkì nígbà tí process tí ẹ pa bá wà lára àwọn tí kernel (ọkàn Linux, tó ń darí ẹ̀rọ) ń kà, tí iṣẹ́ tó ń ṣe sì bá a kú. Láti ọdún mélòó kan tí mo ti ń bójú tó sáfà fún àwọn ilé iṣẹ́ tó ń tajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìdí kejì yìí ni mo rí i pé ó ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú jù lọ, òun náà ni mo sì gbà pé ó ṣẹlẹ̀ sí yín.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ nọ́ńbà fúnra rẹ̀. Nọ́ńbà load mẹ́ta tí àṣẹ uptime ń fi hàn, ti ìṣẹ́jú 1, 5 àti 15, kì í sọ bí nǹkan ṣe rí ní ìṣẹ́jú àáyá tí ẹ wò ó. Ní nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún márùn-ún ni kernel ń ka iye iṣẹ́ tó wà nílẹ̀, tí yóò sì pò ó mọ́ ohun tó ti kà tẹ́lẹ̀. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ a máa tètè gbàgbé ohun tó ti kọjá, ẹ̀kẹta a sì máa rántí rẹ̀ pẹ́. Ká ní load ti wà ní 40 fún wákàtí bíi mélòó kan, tí gbogbo ohun tó fà á sì kú lẹ́ẹ̀kan náà, nọ́ńbà ìṣẹ́jú 1 yóò ṣì wà ní nǹkan bí 15 lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, yóò sì kù bíi 5 lẹ́yìn ìṣẹ́jú méjì, nígbà tí nọ́ńbà ìṣẹ́jú 15 yóò ṣì máa fi bíi 37 hàn lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan yẹn. Ẹni tó bá pa process, tó sì yára wo load lójú ẹsẹ̀, kò tíì rí nǹkan kan tó lè fi ṣèdájọ́. Òpó r (iṣẹ́ tó ń lo CPU tàbí tó ń dúró dè é) àti òpó b (iṣẹ́ tó há, tó sábà máa ń jẹ́ sórí dísìkì) nínú àṣẹ vmstat 1 ni kí ẹ máa wò, nítorí ohun tó ń lọ lọ́wọ́ ni wọ́n ń sọ. Ṣùgbọ́n bí tiyín ṣe ń gòkè dípò kó dúró sójú kan, ọ̀rọ̀ náà ju ti nọ́ńbà tó ń falẹ̀ lọ.

Lórí Linux, ohun tí load ń kà ni gbogbo thread (ẹ̀ka iṣẹ́ nínú process) tó ń lo CPU lọ́wọ́, èyí tó ń dúró kí CPU kàn án, àti èyí tó wà ní ipò D, ìyẹn oorun tí kò ṣeé jí, tó sábà máa ń jẹ́ pé dísìkì ni thread náà ń retí. Ọ̀pọ̀ Unix mìíràn kì í ka irú ìkẹyìn yìí. Ní ọdún 1993 ni Matthias Urlichs, ọ̀kan lára àwọn tó ń kọ kóòdù fún Linux, fi àtúnṣe ránṣẹ́ pé kí Linux máa kà á, nítorí kò bọ́gbọ́n mu lójú rẹ̀ pé kí load máa sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí ẹ̀rọ ń fi dísìkì tó lọ́ra ṣe swap (kíkó ohun inú RAM lọ sórí dísìkì), tí gbogbo iṣẹ́ sì ń wọ́ nílẹ̀. Mo gbà pé òtítọ́ ló sọ. Ẹ kíyè sí i pé thread ni mo wí: mysqld (process database MySQL) kan ṣoṣo tí ẹ rí lórí top lè ní thread 30 tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, yóò sì fi 30 kún load, nítorí náà top -H, tó ń fi thread kọ̀ọ̀kan hàn, ló yẹ kí ẹ lò kí ẹ tó pinnu ẹni tó jẹ̀bi. Process tó ń sùn ní ipò S kò sí nínú ìṣirò, bó ti wù kí RAM tó gbà pọ̀ tó, pípa á kò sì lè yí load padà ní tààrà, àfi bí RAM bá ti tán tí ẹ̀rọ ń ṣe swap. Nígbà náà, pípa ẹyọ kan tó gba RAM jù lè tú gbogbo àwọn yòókù sílẹ̀. Zombie, process tó ti kú àmọ́ tí orúkọ rẹ̀ ṣì wà lórí àkọsílẹ̀, náà kò sí nínú rẹ̀. Ó ti kú tẹ́lẹ̀, kò sí signal (ìsọfúnni tí kill ń fi ránṣẹ́) tó lè tún un pa. Òbí rẹ̀, ìyẹn process tó gbé e dìde, ni kò tíì gba ìròyìn ikú rẹ̀.

Ipò D ló kọ́ mi ní sùúrù. Sáfà ilé iṣẹ́ kan ní Ìbàdàn tí mo ń bójú tó ní dísìkì kan tí wọ́n so mọ́ ọn nípasẹ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, dísìkì náà sì dákẹ́ ní òru ọjọ́ kan. Script kékeré kan wà tí cron (ètò tó ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní àkókò tí a yàn) ń gbé dìde ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan láti ka iye fáìlì tó wà lórí dísìkì yẹn. Èyí tó bá wọlé kò jáde mọ́, òmíràn yóò sì tẹ̀ lé e. Nígbà tó fi máa di àárọ̀, load ti kọjá 200. Síbẹ̀ mo wọlé sórí sáfà náà láìdúró, gbogbo àṣẹ tí kò kan dísìkì yẹn ń dáhùn kíákíá, ó sì lé ní ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún CPU tó wà láìríṣẹ́ ṣe. Bí a ṣe ń fi kill -9 ránṣẹ́ tó, kò sí èyí tó kú, nítorí process tó wà ní ipò D kò lè gba signal títí tí ohun tó ń retí nínú kernel yóò fi dé. Nígbà tí àwọn tó ni dísìkì tún un ṣe, gbogbo signal tí a ti fi ránṣẹ́ dé ọ̀dọ̀ wọn lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo wọn sì pòórá. Láti Linux 2.6.25 ní ọdún 2008 ni àwọn irú ìdúró kan, bíi ti NFS (ọ̀nà láti lo fáìlì tó wà lórí ẹ̀rọ mìíràn nípasẹ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì), ti lè gbọ́ kill -9, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn. Bí ẹ bá tẹ ps -eo pid,stat,wchan:20,cmd tí ẹ sì rí D tó pọ̀, ẹ fi kill sílẹ̀, kí ẹ ka dmesg (ìròyìn kernel) àti iostat -x (ìròyìn bí dísìkì ṣe ń ṣiṣẹ́).

Nísinsìnyí, tiyín gan-an. Process PHP tí ẹ pa ń dúró de MySQL ni, àmọ́ MySQL kò mọ̀ pé ẹni tó béèrè ti kú. Yóò máa bá ìwádìí (query) náà lọ títí dìgbà tó bá fẹ́ fi èsì ránṣẹ́, kó tó wá rí i pé kò sí ẹni tó ń gbà á. Láàárín ìgbà yẹn, oníbàárà tó wà lórí ìkànnì rí àṣìṣe 502, ó sì tún ojú ìwé náà ṣí. Ọ̀gá php-fpm, ètò tó ń darí àwọn process PHP, ti gbé òṣìṣẹ́ (process) tuntun dìde dípò èyí tí ẹ pa. Ìwádìí kan náà sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó wá di méjì tó ń jà lórí tábìlì kan ṣoṣo, èyí tí ẹnikẹ́ni kò retí èsì rẹ̀ mọ́ àti èyí tí wọ́n ṣì ń retí. Ẹ pa á lẹ́ẹ̀kan sí i, ó di mẹ́ta. Ìdí nìyẹn tí load fi gòkè lẹ́yìn tí ẹ pa process. Mo ti rí i níbi tí ojú ìwé ìròyìn òpin oṣù kan ti ń ka gbogbo tábìlì ọjà láìsí index (atọ́ka tó ń jẹ́ kí database tètè rí ohun tó ń wá). Bí àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ṣe ń pa PHP ni SHOW PROCESSLIST, àkójọ ohun tí MySQL ń ṣe lọ́wọ́, ń gùn sí i, ìwádìí kan náà ló sì kún inú rẹ̀. Àwọn àgbà ní a kì í fi ètè sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. A ti ojú ìwé náà pa fún ìgbà díẹ̀, a fi KILL pa àwọn ìwádìí náà nínú MySQL fúnra rẹ̀, load sì sọ̀ kalẹ̀ láìjẹ́ pé a tún fọwọ́ kan PHP kankan. Lẹ́yìn náà la fi index sí i.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe fi kill -9 pa mysqld. Bó bá jẹ́ SELECT lẹ ń pa nínú MySQL, ó sábà máa ń tètè kú. Bó bá jẹ́ UPDATE tàbí DELETE tó ti yí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìlà padà, InnoDB (apá MySQL tó ń tọ́jú dátà) gbọ́dọ̀ dá gbogbo rẹ̀ padà sí bó ti wà, ìdápadà náà sì lè pẹ́ ju iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ lọ, dísìkì yóò sì máa ṣiṣẹ́ kára ní gbogbo àkókò náà. Ẹ lè wo trx_rows_modified nínú information_schema.innodb_trx, kí ẹ rí i bó ṣe ń dín kù. Ẹni tí ara rẹ̀ kò bá gbà á mọ́, tó wá pa mysqld pátápátá, kò rí nǹkan kan gbà sílẹ̀, torí ìdápadà yẹn yóò tún bẹ̀rẹ̀ nígbà tí MySQL bá dìde, lẹ́yìn tó bá ti ka redo log (àkọsílẹ̀ àwọn àyípadà) tán. Buffer pool, ibi tí MySQL ń tọ́jú dátà sí nínú RAM, yóò sì ṣófo. Láti MySQL 5.7, bí wọ́n bá pa á lọ́nà ẹ̀tọ́, ó máa ń kọ orúkọ àwọn page tó ń lò jù sílẹ̀ kó lè tètè kó wọn padà. Kill -9 kì í fún un láyè láti kọ ọ́. Gbogbo ìbéèrè yóò wá máa lọ sórí dísìkì, load yóò sì ga ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ti PostgreSQL, database mìíràn, tilẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀: bí ẹ bá fi kill -9 pa backend (process tó ń dá oníbàárà kan lóhùn) kan ṣoṣo, ọ̀gá wọn yóò lé gbogbo àwọn yòókù kúrò, yóò sì bẹ̀rẹ̀ recovery (àtúnṣe lẹ́yìn ìjàǹbá). pg_cancel_backend, tó ń dá ìwádìí nìkan dúró, ni kí ẹ kọ́kọ́ lò níbẹ̀, kí ẹ tó lo pg_terminate_backend, tó ń já ìsopọ̀ náà.

Bó bá jẹ́ iṣẹ́ tó yẹ kó parí ló ń fa load, bí ìgbà tí a ń fún bákọ́ọ̀pù pọ̀, kill -STOP ni mo fẹ́ràn. Yóò dá iṣẹ́ náà dúró ní ipò T, load yóò sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni pé ó kú, ẹ ó sì fi kill -CONT jí i nígbà tí àwọn oníbàárà bá ti sùn. Ẹ má lò ó fún ohun tó di lock (títì tí kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kan dátà) mú nínú database, torí pé lock náà yóò máa wà lọ́wọ́ rẹ̀ níbi tó ti dúró, tí gbogbo àwọn yòókù yóò sì tò sẹ́yìn rẹ̀. Àwọn iṣẹ́ cron tó ń gun ara wọn lórí, ẹ fi flock -n sí iwájú wọn, kí òmíràn má bàa bẹ̀rẹ̀ nígbà tí èyí tó wà níwájú kò tíì parí.

Fún sáfà yín, ẹ kọ́kọ́ tẹ SHOW FULL PROCESSLIST nígbà mìíràn tí load bá gòkè, kí ẹ sì fi KILL QUERY pa èyí tó ti pẹ́ jù. Ẹ dín pm.max_children (iye òṣìṣẹ́ php-fpm) kù sí iye tí core 8 lè gbé, ẹ fi request_terminate_timeout (àkókò tí PHP kò gbọ́dọ̀ kọjá) sí php-fpm, ẹ sì fi max_execution_time (àkókò tí ìwádìí kò gbọ́dọ̀ kọjá) sí MySQL fún àwọn SELECT, nítorí bí ẹ bá fi ti php-fpm sí i láìsí ti MySQL, php-fpm fúnra rẹ̀ ni yóò máa ṣe ohun tí ẹ fi ọwọ́ ara yín ṣe yìí. Bí processlist bá ṣófo tí load ṣì ga, ẹ fi ìlà 20 láti inú vmstat 1 àti àbájáde àṣẹ ps tí mo kọ sókè ránṣẹ́ síbí, kí a jọ wò ó.