Fáíbà gba ẹnu ọ̀nà ìlú wa kọjá, kí ló dé tí a kò rí íntánẹ́ẹ̀tì lò?

ÌBÉÈRÈ: Ẹnjiníà, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú wa, abúlé kan lójú ọ̀nà Ìtòìkín sí Ẹ̀pẹ́, tí ẹ bá ti kọjá ìyànà Ẹ̀jìnrín díẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, àwọn kan wá gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ títì, wọ́n ri páìpù mọ́lẹ̀, wọ́n ní fáíbà ni, ìyẹn wáyà tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì. Inú gbogbo wa dùn. Títí di òní, ẹ̀yìn ilé ẹ̀kọ́ níbi tí ilẹ̀ ti ga la ṣì ń lọ kí WhatsApp tó ṣí. Àwọn ọmọ wa tó wà ní Èkó ti fẹ́ dáwó jọ kí a ra dííṣì tó ń gba íntánẹ́ẹ̀tì láti òfurufú. Àwọn àgbà ní ká ní sùúrù, fáíbà ń bọ̀. Èwo ni ká ṣe? Ṣé a kò lè bẹ̀ wọ́n kí wọ́n já ẹyọ kan fún wa nínú wáyà tó wà nílẹ̀ yìí?

ÌDÁHÙN: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ ìlú, ẹ sì kú àfaradà. Ẹ má jókòó de fáíbà lásán, ẹ má sì kó gbogbo owó ẹgbẹ́ lé dííṣì. Ẹ ra dííṣì kan ṣoṣo, kí ẹ gbé e síbi tí gbogbo ìlú á ti jàǹfààní rẹ̀, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ibi tí wọ́n á ti ṣí fáíbà yẹn fún yín. Tí ẹ bá ń bi wọ́n pé "Ṣé fáíbà ti dé?", wọ́n á ní ó ti dé, òótọ́ ni wọ́n sì sọ. "Níbo ló ti máa ṣí?" ni ìbéèrè tó lè mú nǹkan wá.

Ẹ̀yin náà ti rí wáyà iná ńlá tó gba orí oko kọjá lọ sí ìlú mìíràn, tí àwọn tó ń gbé lábẹ́ rẹ̀ sì ń tan àtùpà. Tiransifọ́mà ni kò sí níbẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ fáíbà yín ṣe rí gan-an nìyẹn. Wáyà tó so ìlú ńlá kan mọ́ òmíràn ni wọ́n rì sẹ́nu ọ̀nà yín, wọn kò tíì ṣe ibi tó máa ti yà wọ inú ilé.

Já kí ẹ já a, kò ṣeé ṣe bẹ́ẹ̀. Okùn gíláàsì tín-ín-rín bí irun orí ló wà nínú wáyà náà, ó lè jẹ́ 48, ó lè jẹ́ 96 tàbí 144, ìmọ́lẹ̀ ló sì ń gba inú wọn kọjá. Kí a tó so okùn méjì pọ̀, ẹni tó mọṣẹ́ á kọ́kọ́ bó èèpo aláwọ̀ tó wà lára wọn, á fi sípírítì nù wọ́n, á gé ẹnu wọn kó tẹ́jú, á wá tẹ́ wọn sínú ẹ̀rọ kékeré kan tó ń fi iná yọ́ gíláàsì méjèèjì mọ́ra. Eruku bíńtín tó bá kó sí i, ìmọ́lẹ̀ kò ní kọjá dáadáa. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa ń rí wọn tí wọ́n tẹrí ba sábẹ́ agboòrùn tàbí nínú bọ́ọ̀sì lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, tí wọn kì í dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Gbogbo ibi tí a bá ti so ó ni ìmọ́lẹ̀ ti ń dín kù díẹ̀. Tí ọwọ́ bá sì ṣì mú okùn tí kò yẹ, ìlú tó wà níwájú lè pàdánù íntánẹ́ẹ̀tì fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ẹni tó ni wáyà kò ní gbà kí a gé e níbi tó bá wù wá.

Àmọ́ wọ́n máa ń fi ibi tí a lè ṣí sílẹ̀ sílẹ̀. Ẹ kó ọ̀dọ́ méjì dání, kí ẹ rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì láti ìpẹ̀kun ìlú yín kan dé ìkejì. Ẹ máa wo ideri kọnkéré tó tẹ́ mọ́lẹ̀ àti òpó kúkúrú tí wọ́n kọ orúkọ ilé iṣẹ́ sí. Abẹ́ irú ideri bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń ká wáyà tó ṣẹ́ kù sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti lè so ẹ̀ka mọ́ ọn. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí fóònù yín kọ ibi tó wà sílẹ̀. Ẹ má ṣí i o. Láti ọdún 2024, ìjọba àpapọ̀ ti ka irú dúkìá yìí mọ́ ohun amáyédẹrùn pàtàkì tí òfin ń dáàbò bò, ẹni tó bá bà á jẹ́ ń fa ẹ̀wọ̀n lẹ́sẹ̀.

Ohun kan wà tó yẹ kó fi yín lọ́kàn balẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń tan ìmọ́lẹ̀ sínú okùn yìí kò níláti wà ní abúlé yín. Ó lè wà láàárín ìlú Ẹ̀pẹ́, kí okùn kan ṣoṣo jáde láti ibẹ̀, kí a wá pín in fún ilé 32 tàbí 64 nípa àpótí kékeré kan tí kò lo iná rárá. Irú ẹ̀rọ tó wọ́pọ̀ jù fún iṣẹ́ yìí lè dé nǹkan bíi 20 kìlómítà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bí ọ̀nà bá ṣe jìn tó ni iye ilé tí a lè pín in fún á ṣe máa dín kù. Ibi tí ẹ júwe yìí kò tó bẹ́ẹ̀ sí Ẹ̀pẹ́. Ẹnikẹ́ni tó bá sọ fún yín pé ìlú yín ti jìn jù, ẹ ní kó ṣàlàyé.

Kí ló wá dá wọn dúró? Owó ni. Ilé iṣẹ́ á ṣírò iye tó máa ná a láti gbẹ́lẹ̀ wọ inú ìlú, á wo iye ilé tó máa sanwó lóṣooṣù, tí kò bá rí èrè níbẹ̀, á kọjá lọ. Owó gbígba ilẹ̀ ìjọba kọjá náà wà níbẹ̀. Láti ọdún 2013 ni ìjọba àpapọ̀ àti àwọn gómìnà ti fẹnu kò sí náírà 145 lórí mítà kan. Àwọn ìpínlẹ̀ kan tẹ̀lé e, àwọn kan gba jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí mo mọ̀ pé kò ní dùn mọ́ àwọn kan nínú. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń dá àwọn tó ń gbẹ́lẹ̀ dúró, tí wọ́n ń gba owó ọmọ onílẹ̀, owó ẹgbàá ni wọ́n rí gbà, ìlú wọn ló sì pàdánù. Ọ̀gá iṣẹ́ á san án, á gbẹ́ kọjá, á sì kọ orúkọ ìlú náà sílẹ̀ fún àwọn tó rán an níṣẹ́. Tí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n ṣí fáíbà fún yín, kí ọba tàbí baálẹ̀ kọ̀wé, kó fọwọ́ sí i pé kò sẹ́ni tó máa gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn, àti pé ìlú ti yọ ilẹ̀ kékeré kan sílẹ̀ fún àpótí wọn. Ìwé kan ṣoṣo yìí lágbára ju ìwé ẹ̀bẹ̀ mẹ́wàá lọ.

Ta ni kí ẹ kọ ọ́ sí? Ẹ kọ́kọ́ kọ ọ́ sí ilé iṣẹ́ tí ẹ rí orúkọ rẹ̀ lórí òpó yẹn. Ẹ fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí LASIMRA, àjọ ìpínlẹ̀ Èkó tó ń fún wọn láṣẹ láti gbẹ́lẹ̀, torí ìwé ibi tí páìpù gbà yẹ kó wà lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀dà kejì, ẹ fi ránṣẹ́ sí USPF, owó àkànlò tó wà lábẹ́ NCC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣàkóso ìbánisọ̀rọ̀. Òfin ìbánisọ̀rọ̀ ọdún 2003 ló dá owó àkànlò yẹn sílẹ̀, nítorí irú ìlú tí ilé iṣẹ́ kò rí èrè níbẹ̀ ni. Ẹ̀tọ́ yín ni, ẹ béèrè rẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ẹ ti ń sanwó dátà fún ilé iṣẹ́ kan tí kò sì ṣiṣẹ́, tí ẹ fi ẹjọ́ sùn wọ́n tí wọn kò dáhùn, 622 ni nọ́ńbà NCC, ọ̀fẹ́ ni.

Ní ti ètò ìjọba, ẹ ti gbọ́ ọ lórí rédíò. Ètò íntánẹ́ẹ̀tì ti ọdún 2020 sí 2025 ṣèlérí iyára megabit 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan fún ìlú ńlá, ó kéré tán, àti 10 fún ìgbèríko. Ní 2024, wọ́n fọwọ́ sí i pé kí a fa fáíbà 90,000 kìlómítà sí i, kó lè di 125,000 pẹ̀lú èyí tó wà nílẹ̀. Inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n gígùn wáyà kọ́ ló ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì wọlé, mo sì fẹ́ kí gbogbo ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè láti Agbówá dé Ẹ̀pẹ́ máa béèrè iye ìlú tí wọ́n ti ṣí i, kí wọ́n yé béèrè iye kìlómítà.

Ọ̀nà kan wà tí ẹ kò dárúkọ. Ilé iṣẹ́ tó ní fáíbà ní Ẹ̀pẹ́ lè gbé rédíò, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì gba afẹ́fẹ́ láìlo wáyà, sórí òpó gíga, kó kọjú sí rédíò mìíràn lórí òpó tiyín, kí a wá pín in káàkiri ìlú. Kò gba ilẹ̀ gbígbẹ́. Àmọ́ rédíò méjèèjì gbọ́dọ̀ rí ara wọn kedere. Ọ̀pẹ tó bá ga ju òpó yín lọ á mu agbára rẹ̀, pàápàá nígbà tí òjò bá rin imọ̀ rẹ̀. Lápá tiwa, ọ̀sà tún dá kún un: omi a máa ta ìgbì rédíò padà, èyí tó ta padà á sì kọlu èyí tó ń bọ̀ tààrà, nẹ́tíwọọ̀kì tó dára láàárọ̀ lè máa já lọ́sàn-án láìjẹ́ pé ohunkóhun bàjẹ́. Ẹni tó mọṣẹ́ á wá wo ilẹ̀, á gun òkè, á yan gíga òpó tó yẹ kó tó dá iye lé e. Tó bá jẹ́ orí fóònù ló ti ń pe owó, ẹ wá ẹlòmíràn.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí dííṣì. Starlink, tó ń ta irú dííṣì tí ẹ ń sọ yìí, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà ní oṣù kìíní ọdún 2023. Ìdí tó fi yára ju ti àtijọ́ lọ ni pé sátẹ́láìtì ìgbà yẹn, ìyẹn ẹ̀rọ òfurufú tí dííṣì ń bá sọ̀rọ̀, wà ní nǹkan bíi 36,000 kìlómítà sókè, àwọn ti ìsinsìnyí wà ní nǹkan bíi 550, nítorí náà ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ lójú ọ̀nà. Ẹ lè fi í ṣe ìpàdé orí fídíò láìsí wàhálà. Kí ẹ tó sanwó, ẹ kọ́kọ́ wo orí ìkànnì wọn bóyá àyè wà ní àdúgbò yín, torí ó ti kún rí láwọn apá Èkó kan. Ẹ ka àdéhùn rẹ̀ pẹ̀lú. Èyí tí wọ́n tà fún ilé, wọn kò gbà kí a máa tà á fún aládùúgbò, ẹni tó bá sì fẹ́ máa ta íntánẹ́ẹ̀tì níláti gba ìwé àṣẹ NCC. Ẹ ra ti iléeṣẹ́ àti àjọ, kí ẹ gbé e sí ilé ẹ̀kọ́ tàbí ilé ìwòsàn, kó lè jẹ́ pé nọ́ọ̀sì, olùkọ́ àti àwọn ọmọ tó fẹ́ wo èsì JAMB ló ń lò ó lọ́fẹ̀ẹ́.

Iná ni àwọn tó ń dáwó kì í rántí. Dííṣì àti ráútà rẹ̀ lè máa jẹ wáàtì 75. Tí ẹ bá tàn án tọ̀sán-tòru, 75 lọ́nà wákàtí 24 jẹ́ 1,800 wáàtì-wákàtí lójúmọ́. Bátìrì fóltì 12 (12V), 200 AH, ń gba 2,400 wáàtì-wákàtí tó bá kún, ṣùgbọ́n bátìrì olómi kò yẹ kí ẹ lò ó kọjá ìdajì kó má baà tètè kú, nítorí náà 1,200 ni tiyín. Ìyẹn á gbé yín láti ìrọ̀lẹ́ di àárọ̀. Tí a bá ṣírò oòrùn tó múná lóòjọ́ sí wákàtí mẹ́rin, páànẹ́ẹ̀lì wáàtì 450 ni ìṣirò fún wa. Mo ní kí ẹ ra 700, nítorí pé ní oṣù kẹfà àti ìkeje, ọjọ́ mẹ́ta lè tẹ̀lé ara wọn tí oòrùn kò yọjú. Ẹ má fi jẹnẹrétọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ. Owó epo ni yóò pa á, kì í pẹ́. Ẹ ri wáyà ààrá mọ́lẹ̀ dáadáa pẹ̀lú, kí mànàmáná àkọ́kọ́ má lọ jó gbogbo rẹ̀.

Kí ẹ tó pe ìpàdé tó ń bọ̀, ẹ jẹ́ kí ọ̀dọ́ kan lọ láti ojúlé dé ojúlé, kó kọ orúkọ olórí ilé, iye tí wọ́n ń ná lórí dátà lóṣù báyìí, àti iye tí wọ́n lè san tí íntánẹ́ẹ̀tì gidi bá wọlé. Kó má gbàgbé àwọn ìyá tó ń yan ẹja àtàwọn tó ń din gàrí, torí fóònù làwọn oníbàárà wọn fi ń bá wọn dúnàádúrà. Ìwé yìí ni ilé iṣẹ́ máa kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ yín. Ẹ lẹ fọ́tò ideri kọnkéré àti lẹ́tà baálẹ̀ mọ́ ọn, kí ẹ mú ẹ̀dà kan sílẹ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ yín, kí wọ́n sì fi òǹtẹ̀ lù ú pé àwọn gbà á.