Róbọ́ọ̀tì fẹ́ yọ òróòro mi láti ojú ìdodo, ṣé kí n gbà?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Wọ́n ní òkúta wà nínú àpò òróòro mi, inú rírun yẹn ti sú mi, pàápàá tí mo bá jẹ nǹkan ọlọ́ràá. Dókítà mi ní àwọn lè fi róbọ́ọ̀tì yọ ọ́, ojú kan ṣoṣo làwọn máa gé, níbi ìdodo. Ọkọ mi ní òun ò lè jẹ́ kí ẹ̀rọ dá gé ìyàwó òun. Tí wọ́n bá sì yọ ọ́ tán, báwo ni oúnjẹ á ṣe máa dà?

ÌDÁHÙN: Ẹ pẹ̀lẹ́ o, mà. Ẹ bá mi sọ fún ọkọ yín kí wọ́n fọkàn balẹ̀, róbọ́ọ̀tì yẹn ò lè dá nǹkankan ṣe, dókítà ló ń jókòó sídìí ẹ̀ tó ń wo inú yín lójú síkíríìnì, bó bá ṣe ń yí ọwọ́ ni irin inú lọ́hùn-ún ṣe máa ń yí. Kì í sì í ṣe nǹkan àná, láti ìparí 2011 ni Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí irin róbọ́ọ̀tì tí wọ́n ń pè ní da Vinci, tó ń gba ojú kan wọlé yọ òróòro.

Bíi sẹ̀ǹtímítà 2.5 ni wọ́n ń gé, ìdodo á bo àpá ẹ̀. Láparoskópì tó wọ́pọ̀, ìyẹn èyí tí dókítà ń fi ọwọ́ ara ẹ̀ di irin gígùn àti kámẹ́rà kékeré mú láìlo róbọ́ọ̀tì, ojú kéékèèké mẹ́rin ni. Ká sòótọ́, ẹwà yẹn gan-an ni èrè tó dájú jù níbẹ̀, torí ojú kan tó fẹ̀ yẹn lè jẹ́ kí ìfun ti ibẹ̀ yọ tó bá yá.

Èyí tó ń jẹ mí lógún ni ọ̀nà tí òróòro ń gbà láti ẹ̀dọ̀ lọ sínú ìfun, ẹni tó bá ṣèèṣì gé e ti dá wàhálà ńlá sílẹ̀. Ìwádìí kan tó jáde ní 2023, lórí àwọn tó lé ní mílíọ̀nù kan tí ìjọba Amẹ́ríkà ń sanwó ìtọ́jú fún, fi hàn pé irú ìpalára bẹ́ẹ̀ jẹ́ 0.7% fún róbọ́ọ̀tì, 0.2% fún láparoskópì (gbogbo róbọ́ọ̀tì ni o, kì í ṣe olójú kan nìkan). Torí náà ẹ bi dókítà yín, ẹ má tijú: mélòó lẹ ti ṣe? Ṣé ẹ máa lo oògùn aláwọ̀ ewé tó ń jẹ́ kí ọ̀nà òróòro tàn? Tí àpò náà bá ti wú burúkú, ṣé ẹ máa gé ojú mìíràn kún un? Ó yẹ kó ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ti oúnjẹ ò le rárá. Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe òróòro, àpò yẹn kàn ń tọ́jú ẹ̀ ni, tí ò bá sí mọ́, òróòro á máa sàn lọ sínú ìfun tààrà. Ìgbẹ́ àwọn kan máa ń rọ̀ fúngbà díẹ̀, èjìká sì lè máa dùn yín nítorí afẹ́fẹ́ tí wọ́n fẹ́ sínú ikùn. Àmọ́ tí ojú yín bá pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ìyeyè, tí ibà dé, tàbí tí inú rírun ń le sí i, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n ní kẹ́ ẹ padà wá.